Bí kóòṣì ṣe ń sọ fún agbábọ́ọ̀lù pé kíláàbù ò mú un mọ́

Tí sáà bọ́ọ̀lù bá ti ń parí lọ, ẹ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Kàbà tàbí Ìsánlú, ẹ máa gbọ́ ọ pé kóòṣì lé lágbájá, kóòṣì ò fẹ́ràn ẹ̀, kóòṣì kàn dédé jí lọ́jọ́ kan ló bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí èèyàn nínú, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà kóòṣì ò lé ẹnikẹ́ni. Kọ́ńtíráàtì ló tán. Ní England, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni ọ̀pọ̀ kọ́ńtíráàtì máa ń parí, ẹni tí kíláàbù bá ṣì fẹ́ á gba tuntun, ẹni tí wọn ò fẹ́ á kó ẹrù ẹ̀. Kódà òfin FIFA ò gbà kí kíláàbù kàn fa kọ́ńtíráàtì ya láàárín sáà láìnídìí.

Kóòṣì nìkan kọ́ ló sì ń pinnu ẹ̀. Ẹni tó ń ra agbábọ́ọ̀lù á dá sí i, dókítà á dá sí i, ẹni tó di owó mú á sọ tiẹ̀, kí wọ́n tó wá pe ọmọ yẹn sí ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ ti parí tipẹ́. Iṣẹ́ tó kù fún kóòṣì ò ju kó la ẹnu lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹnìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń pè, nínú yàrá tí ojú ò sí, kí orúkọ tó jáde síta, torí pé àwọn kíláàbù England gbọ́dọ̀ fi orúkọ àwọn tí wọ́n mú àtàwọn tí wọn ò mú ránṣẹ́ sí líìgì, gbogbo ayé á sì rí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á lórí fóònù ẹ̀ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu kóòṣì, wọ́n ti ṣe é níkà.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló wá kù. Lọ́dọ̀ àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tí èèyàn bá kú, wọn kì í sọ ọ́ tààrà fún ọmọ tó wà l'Ábújá. Wọ́n á ní ara bàbá ò yá, kó máa bọ̀ nílé, wọ́n á sì wá ẹnì kan tó máa bá a wọ mọ́tò. Kó tó dé Lọ́kọ́jà ó ti ń fura, tó bá máa fi kọjá Ọbájànà ọkàn ẹ̀ ti sọ fún un, tó bá wá wọ àgbàlá tó rí àga táwọn èèyàn tò síta, túfọ̀ kankan ò tún ṣẹlẹ̀ mọ́, ẹkún ló kù. Ọgbọ́n gidi ni, torí ọ̀nà yẹn jìn, ó fún ọkàn láyè, èèyàn sì pọ̀ tó máa dì í mú tó bá débẹ̀.

Kóòṣì ò ní irú ọ̀nà yẹn lọ́wọ́. Látorí pápá dé ọ́fíìsì ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n sì pè ní ìparí sáà ti mọ ohun tó ṣeé ṣe kí wọ́n pe òun fún, ojú kóòṣì ló ń wò. Tí kóòṣì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, pé o máa ń tètè dé, gbogbo wa la fẹ́ràn ẹ, ọkàn ẹ̀ á tún gòkè, kí "ṣùgbọ́n" tó wá já a lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń sọ ọ́ kí wọ́n tó jókòó dáadáa: a ò ní fún ẹ ní kọ́ńtíráàtì tuntun. Wọ́n á sì dákẹ́. Ìdí kan ṣoṣo, tó jẹ́ òótọ́, tó ṣe ṣókí, ló yẹ kó tẹ̀lé e. Èyí tó burú jù ni kóòṣì tó ń sọ pé ká ní ọwọ́ òun ló wà ni, torí ara ẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀ lójú ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń bàjẹ́. Lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ọmọ náà ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ owó àti ibi tó lè lọ gbìyànjú, ó yẹ kó wà nínú ìwé, kí wọ́n tún pè é lọ́jọ́ míì.

Fún àwọn ọmọdé, òbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Arsenal ò mú Harry Kane nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 8, Chelsea ní kí Declan Rice máa lọ ní ọmọ 14, Eberechi Eze kúrò ní Arsenal ní ọmọ 13, Fulham, Reading àti Millwall náà ò mú un. Gbogbo wọn ló padà di gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Àwọn orúkọ yìí ni wọ́n fi ń tu ọmọ nínú, kò sì dáa tó, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ò ní gbá bọ́ọ̀lù ńlá mọ́ láyé wọn, ìwé tí wọ́n kà àti iṣẹ́ ọwọ́ ló máa gbà wọ́n.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó gan-an ni àsìkò. Òfin FIFA gbà kí agbábọ́ọ̀lù bá kíláàbù ilẹ̀ òkèèrè fọwọ́ síwèé tó bá ti ku oṣù 6 kí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ tán, láti ìgbà tí Bosman, agbábọ́ọ̀lù Belgium kan, ti jàre ẹjọ́ ẹ̀ lọ́dún 1995 sì ni àwọn kíláàbù Yúróòpù ò ti lè bèèrè owó rírà lórí ẹni tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ti parí tó ń lọ sí kíláàbù ní orílẹ̀-èdè míì níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tètè sọ fún ní January máa rí àyè wá ibòmíì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kíláàbù á dákẹ́ títí dé oṣù karùn-ún kí agbábọ́ọ̀lù náà lè máa fi gbogbo agbára sáré fún wọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn tó wà lókè ti mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́ pé wọn ò ní mú un.