Wákàtí Wúrà Kì Í Ṣe Wákàtí Kan: Bí Gíga Oòrùn Ṣe Ń Darí Fọ́tò Láti Ìgbà Dé Ìgbà

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí àwọn tó ń ya fọ́tò igbó, òkè àti odò máa ń rí gbà ló dá lórí ohun tó wà nílẹ̀: kí a ya òdòdó nígbà ìrúwé, kí a ya ewé pupa nígbà ìwọ́wé, kí a ya yìnyín nígbà òtútù. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń yí fọ́tò padà jù lọ bí ìgbà ṣe ń yí, òkè ló wà: bí oòrùn ṣe ga tó lójú ọ̀run, àti ọ̀nà tó ń gbà wọ̀.

Nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà la afẹ́fẹ́ kọjá kúrú. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ náà ní láti là kọjá á tó nǹkan bí ìlọ́po 38 ti àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ a sì máa tú àwọ̀ búlúù ká ju àwọ̀ pupa lọ, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn sí i ni búlúù ń ṣòfò lójú ọ̀nà, tí pupa àti àwọ̀ ọsàn sì ń ṣẹ́kù. Ní àsìkò yìí kan náà ni òjìji máa ń gùn, tí gbogbo ihò àti gegele ara èèpo igi máa ń yọ síta.

Àsìkò yìí ni wọ́n sọ lórúkọ ní wákàtí wúrà, orúkọ náà sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n gbà pé wákàtí kan gééré ni, lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ tàbí kó tó wọ̀, níbikíbi láyé, nínú oṣù yòówù. Ká mú un pé ìmọ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n dáadáa nígbà tí oòrùn bá ku dígírì 6 kó wọ̀. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan. Ní ìlà agbedeméjì ayé, lọ́jọ́ tí ọ̀sán àti òru gùn dọ́gba nínú oṣù Kẹta, oòrùn ń já wálẹ̀ tààrà, ìṣẹ́jú 24 péré ni gbogbo wúrà náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, níbi tó jẹ́ dígírì 60 sí àríwá ìlà náà, ìṣẹ́jú 48 ni, torí ìdàgẹ̀rẹ̀ ni oòrùn ń gbà wọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wò ó bí odò kan tí ẹni méjì ń là kọjá. Ẹni kan dojú kọ bèbè òdìkejì gbọnrangandan, kò pẹ́ tó fi gòkè. Ẹnì kejì ń gba inú omi lọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ kó tó débẹ̀. Odò náà kò fẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ ẹnì kan kò sì yá ju ti ẹnì kejì. Ẹnì kẹta tún wà, tó wọ inú omi, tó rìn títí, tó sì padà gòkè ní bèbè tó ti wọ̀ ọ́. Bí oòrùn ṣe ń ṣe nìyẹn ní dígírì 70 sí àríwá láàárín oṣù Kẹfà: kì í wọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ní ọ̀gànjọ́ òru ó máa ń wà nísàlẹ̀ dígírì 6 fún ohun tó ju wákàtí 4 lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ẹ̀wẹ̀, ní dígírì 60 kan náà, oòrùn ọ̀sán gangan kì í ga ju nǹkan bí dígírì 6 àti ààbọ̀ lọ, gbogbo ọjọ́ kúkúrú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wúrà. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò nílò láti jí ní ìdájí. Ẹni tó wà ní agbedeméjì ayé ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yan ibi tí yóò dúró, kó sì ti gbé kámẹ́rà lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ìmọ́lẹ̀ náà tó dé.

Ìgbà ooru kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: bí oòrùn bá ti ga, abẹ́ igi tàbí ọjọ́ tí ìkúùkù bo ojú ọ̀run ló dára jù. Nígbà ìwọ́wé, gíláàsì pólárísà tí a ń dé mọ́ lẹ́ǹsì máa ń mú dídán kúrò lára ewé tí omi wà lára rẹ̀, àwọ̀ ewé gan-an á sì hàn.

Ìgbà òtútù ni kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ti ń tako ayàwòrán. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ gbà pé ohun gbogbo tó wà níwájú òun, bí a bá pò ó pọ̀, kò ju àwọ̀ eérú lọ, tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Ọgbọ́n tó mọ́yán lórí ni, torí ó bá ọ̀pọ̀ ibi mu. Ṣùgbọ́n yìnyín tuntun ń dá ju ìdá 80 lọ padà, kámẹ́rà á sì sọ ọ́ di eérú. Kí a fi bọ́tìnì + àti − gbé ìmọ́lẹ̀ sókè ní ìpele kan sí méjì, tí ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì.

Èyí tó burú jù ni ètò tó ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ó lè ka wúrà tí oòrùn fi ránṣẹ́ sí àbùkù, kó sì fọ̀ ọ́ dànù. Ibi tí a ya àmì oòrùn sí ló yẹ kí a yí i sí, kí a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí òjìji orí yìnyín bá jáde ní búlúù lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó ṣe é: oòrùn kò dé ibẹ̀, ojú ọ̀run nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i.