Inflation Wálẹ̀, Gàrí Ò Wálẹ̀: Ta Ló Ń Purọ́?

Bí NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣírò bí ọjà ṣe ń gòkè, bá ti gbé ìṣirò oṣooṣù wọn jáde, tí rédíò sì kéde pé inflation ti wálẹ̀, àríyànjiyàn a máa ṣẹlẹ̀ lọ́jà Wàásò nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Oníbàárà á dúró ti ìyá onígàrí, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ò gbọ́ ìròyìn ni? Wọ́n ní inflation ti já wálẹ̀, iye ìjẹta náà lẹ ṣì ń pè.” Ìyá ò ní gbójú kúrò lára kóńgò tó ń bu. “Ọmọ mi, ṣé inflation ló bá mi ra gbáàgúdá lóko ni, àbí òun ló sanwó ọkọ̀?” Oníbàárà á yínmú, á máa lọ, á ní ọ̀kánjúà àwọn ọlọ́jà ni ò jẹ́ kí ara ó tu mẹ̀kúnnù.

Ìyá ló jàre. Kò sí irọ́ nínú ohun tí rédíò kà, kò sì sí irọ́ nínú iye tí ìyá pè. Oníbàárà ló rò pé inflation ni iye tí wọ́n ń ta ọjà, pé bí ọ̀kan bá ti sọ̀kalẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa. Àwọn oníròyìn náà dá kún un, nítorí “ọ̀wọ́n gógó ọjà” ni wọ́n máa ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọ̀wọ́n gógó ti dín kù, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Bí iye ọjà ṣe ń yára gòkè sí ni inflation ń wọ̀n, kì í wọn iye ọjà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi kóńgò gàrí kan ṣe ìṣirò rẹ̀, ká ní 1,000 náírà ni wọ́n ń tà á. Lọ́dún kìíní, wọ́n fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó di 1,300 náírà. Lọ́dún kejì, wọ́n fi ìdá 20 lé e. Kì í ṣe lórí 1,000 mọ́ o, lórí 1,300 ni. Ó di 1,560. Lọ́dún kẹta, ìdá 10 péré ni wọ́n lé e, síbẹ̀ ó di 1,716. Láti 30 bọ́ sí 20, láti 20 bọ́ sí 10: inflation wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìjọba á sì fi yangàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ ẹni tó bá mú 1,000 náírà lọ sọ́jà lọ́dún kẹta yìí, ó ku 716 náírà kí wọ́n tó wọn kóńgò kan fún un.

Awakọ̀ tó gbéra ní Ọ̀yọ́, tó ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó dé ibi tí títì ti bàjẹ́, tó wá rọra ń wa ọkọ̀, kò tíì yí padà sí Ọ̀yọ́. Iwájú náà ló ń lọ, eré ló dín kù. Kí ọjà lápapọ̀ tó lè padà sẹ́yìn, inflation gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀ láyé. Ó bá orílẹ̀-èdè Japan fínra fún ọdún pípẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1990, inú ìjọba wọn ò sì dùn sí i rárá. Báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 2 lọ́dún ni wọ́n ń lé, wọn ò lé òdo. Bí báǹkì àpapọ̀ tiwa, CBN, ṣe ń gbé èlé orí owó yíyá sókè láti ọdún 2022, títí tó fi dé ìdá 27.5 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, kí ọjà má sáré mọ́ ni wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún wa níbẹ̀ pé gàrí á padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ti ń náwó láyé Abacha ti rí irú eléyìí rí. Lọ́dún 1995, inflation Nàìjíríà kọjá ìdá 72. Lọ́dún 1996, ó wá sí nǹkan bí 29. Nígbà tó máa fi di 1997, kò pé 9 mọ́. Ẹ ò rí i pé ó já wálẹ̀ gan-an? Ṣùgbọ́n ẹ ro ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ohun tí wọ́n ń rà ní 100 náírà ní 1994 ti ń lọ sí nǹkan bí 240 náírà ní 1997. Ẹ bi àwọn òbí yín bóyá ẹnikẹ́ni dá ṣéńjì padà fún wọn.

Ohun mìíràn wà nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀. Nọ́ńbà tí rédíò ń kà yẹn, oṣù yìí ni wọ́n fi wé oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo kan fò láti nǹkan bí 190 náírà sí ohun tó lé ní 480. Fún odindi ọdún kan lẹ́yìn náà, gbogbo ìfiwéra ló ń bá fífò yẹn pàdé. Bí ọdún ṣe yí po, owó epo tó ti wọ́n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń fi wé owó epo tó wọ́n. Ó wà lára ohun tó mú kí inflation kúrò ní 34.19 ní oṣù kẹfà 2024, kó wá sí 33.40 ní oṣù keje. Fífò náà kúrò nínú ìṣirò, kò kúrò lára owó ọkọ̀.

Èyí tó tan àwọn ènìyàn jẹ jù ni ti oṣù kìíní ọdún 2025. Ní oṣù kejìlá 2024, ìdá 34.80 ni NBS kà. Oṣù kan péré lẹ́yìn rẹ̀, 24.48. Ìdá mẹ́wàá pòórá, bí ẹni pa idán! Mo gbọ́ ọ létí ara mi tí ọkùnrin kan ń bú aláta pé ìdá mẹ́wàá tí ìjọba yọ, ṣe ló fi sápò. Kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan. NBS pààrọ̀ òṣùwọ̀n ni. Tẹ́lẹ̀, ọdún 2009 ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò. Wọ́n wá gbé ìpìlẹ̀ náà sí 2024. Wọ́n tún àwọn ọjà tí wọ́n ń kà tò, wọ́n sì dín ipa oúnjẹ kù, èyí tó ti lé ní ìdajì gbogbo ìṣirò tẹ́lẹ̀, sí nǹkan bí ìdá 40. Kò sóhun tó burú nínú kí wọ́n tún un ṣe, ó ti pẹ́ jù pàápàá. Àmọ́ òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni 34.80 àti 24.48, a ò lè fi ọ̀kan yọ òmíràn kúrò.

Bí ọjà kan ṣoṣo bá rọ̀, ìyẹn náà kì í ṣe pé inflation wálẹ̀. Máńgòrò a máa pọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ nígbà tirẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi tọrẹ.

N ò ní kí ọlọ́jà má lẹ́bi láéláé o. Ẹni tó lu ìdí kóńgò wọnú kí gàrí má baà gbà níbẹ̀, olè nìyẹn, ẹ bá a jà dáadáa. Inflation kọ́ ló lù ú.

Owó oṣù ló yẹ ká gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà inflation. Láti 2019 ni owó oṣù tó kéré jù ti jẹ́ 30,000 náírà. Oṣù keje 2024 ni ìjọba àpapọ̀ tó sọ ọ́ di 70,000, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fi tirẹ̀ sí 80,000. Ọdún márùn-ún gbáko ni owó oṣù fi jókòó sójú kan, tí ọjà ń lọ lóṣooṣù. Bí inflation bá rọ̀, àǹfààní rẹ̀ ni pé owó oṣù lè ráyè lé ọjà bá, bí ẹni tó ń sanwó bá fẹ́.

Mímọ ohun tí inflation jẹ́ tún wúlò lọ́dọ̀ onílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé ní Under-G á mọ ohun tí mò ń wí. Ká ní 150,000 náírà lẹ ń san lọ́dún, tí bàbá onílé wá ní kó di 225,000, ó ní inflation ló fà á. Ẹ rọra fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè èwo nínú inflation ni. Bó bá jẹ́ ti oṣù kìíní 2025 ni, ìdá 24.48 lórí 150,000 jẹ́ 36,720, owó ilé á di 186,720. Ó ku 38,280 tí bàbá ní láti wá orúkọ mìíràn fún.