Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Gba Òdo Tirẹ̀

Kò sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a ṣe ní òpin táàmù tí òbí kan kì í dìde láti ráhùn pé ọmọ òun ń gba gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìdánwò bá dé, ẹ̀yìn ni yóò wà. Òbí náà yóò wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i pé àwa olùkọ́ ni a kò mọ iṣẹ́ wa. Mo máa ń dákẹ́ ni, nítorí pé ìwé ọmọ náà wà lórí tábìlì mi, mo sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkọ̀wé ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ti àgbàlagbà tí ó ń ṣe bí ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Kíláàsì kẹta ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ ní Ìbàdàn níbí. N kò ní máa ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ àṣetiléwá wà fún, nítorí pé ẹni tí ó bá ti lọ sí ilé-ìwé yẹ kí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ àṣìṣe ni ó ká mi lára, torí pé ibi tí ọmọ ti ṣì í ni mo ti ń rí ohun tí ó ń rò.

Ẹ wo ìṣirò yìí: 52 − 38. Nínú ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n dá a ṣe, ìdáhùn kan wà tí mo máa ń bá pàdé lemọ́lemọ́, òun ni 26. Òbí tí ó bá rí 26 yóò gbà pé ọmọ òun kò fọkàn sí i, yóò bú u, yóò sì fi rọ́bà pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó kọ 26 ti ronú. Ó rí i pé 8 kò ṣeé yọ nínú 2, ó sì rántí pé wọ́n ti sọ fún òun rí pé inú nọ́ḿbà ńlá ni a ti ń yọ kékeré, ni ó bá yọ 2 kúrò nínú 8, ó ku 6, ó yọ 3 kúrò nínú 5, ó ku 2. Òfin kan náà ni ó tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òfin náà ni kò bá ibẹ̀ mu. Ọmọ mìíràn lè kọ 24 ní tirẹ̀. Ìyẹn mọ̀ pé ó yẹ kí òun yá mẹ́wàá kan lọ́wọ́ 5, ó yá a, ó yọ 8 kúrò nínú 12, ó ku 4, ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé 5 ti di 4. Ọmọ àkọ́kọ́, igi ìṣáná ni n óò kó fún un, kí ó dì wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdì kan palẹ̀. Ọmọ kejì kò nílò igi ìṣáná rárá. Kí ó máa rántí fa ìlà gba orí 5 kọjá ni. Nígbà tí ìwé bá wá dé ọwọ́ mi tí 14 wà níbẹ̀ ní ìkọ̀wé bàbá ọmọ, èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ó dà bí ẹni tí ó ti lo oògùn ibà kí ó tó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: èsì yóò ní kò sí nǹkan kan, ara yóò sì máa gbóná.

Àwọn òbí kan yóò ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́ náà. Àwọn kan nínú yín ti fi òfin de Yorùbá nínú ilé, ẹ sì ń pe ìyẹn ní ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ tí ó gbọ́ oǹkà Yorùbá lè ṣe ìṣirò tí mo kọ sókè yìí láì mú bírò. Méjìdínlógójì ni 38, èyí ni pé ó ku méjì kí ó pé ogójì; láti ogójì dé àádọ́ta jẹ́ mẹ́wàá; méjìléláàádọ́ta ni 52, méjì sì tún lé. Méjì, mẹ́wàá, méjì, ó di mẹ́rìnlá. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń fún oníbàárà ní ṣéńjì nìyẹn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún odindi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ní olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ọmọ tí kò tíì rí èdè tí yóò fi bi olùkọ́ pé "kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀?" kò ní ohun méjì tí yóò ṣe ju kí ó há ìdáhùn sórí lọ.

Ti iṣẹ́ ọwọ́ ò tilẹ̀ ṣeé sọ. A ní kí ọmọ so ìgbálẹ̀ wá, gbogbo kíláàsì kó ìgbálẹ̀ ọjà dé, okùn kan náà ni wọ́n fi so gbogbo rẹ̀.

Àwọn tíṣà lẹ́sìnnì tí ẹ ń gbà sílé ni ó burú jù. Ọdún mẹ́ta ni ènìyàn ń lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ètò ẹ̀kọ́ kí ó tó gba NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí òfin tó kà á sí olùkọ́. Ẹ kò bi ẹni tí ẹ gbà léèrè ọ̀kan nínú méjèèjì. Ohun tí ẹ mọ̀ ni pé ọmọ ń gba máàkì. Mo ní kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n ṣe nígbà ìsinmi, àwọn tí tíṣà kan náà ń kọ́ ní lẹ́sìnnì sì kọ ọ́ bákan náà, pé bàbá wọn fi ọkọ̀ òfurufú gbé wọn lọ sí Àbújá. Ọ̀kan nínú wọn kò ní bàbá mọ́, mo sì mọ̀, nítorí pé a bá wọn ṣe ìsìnkú.

Àwọn tí ń ta oògùn ìsọ̀yè ni èmi kò lè fojú kéré. Ọmọkùnrin kan ń múra ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ìwé girama. Ìyá rẹ̀ ra ẹbu dúdú kan lọ́wọ́ ẹni tí ń pariwo ọjà ní gáréèjì, ó pò ó mọ́ oyin, ó ní kí ọmọ lá a láàárọ̀ kùtùkùtù kí ó tó jẹun. Bí ọmọ ṣe ń bì ni ó ń yàgbẹ́, ilé ìwòsàn ni ó sì wà títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ìdánwò tán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tà yín ní ẹbu tí kò lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fi í sí ẹnu ọmọ. Omi ara ọmọdé tètè ń gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru sì lè pa á. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo bi í léèrè ibi tí ó kàwé dé kí ó tó ṣàìsàn. Ó ní òun kò kàwé, pé màmá òun ti sọ pé tí òun bá ti lá a, gbogbo rẹ̀ yóò máa wá fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ó ń ṣe dáadáa ni tẹ́lẹ̀. Bírò tí wọ́n gbàdúrà sí, ọṣẹ ìsọ̀yè, ìkọ̀wé bàbá nínú ìwé ọmọ, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ ọmọ: pé ibòmíràn ni ìdáhùn ti ń wá. Nígbà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá dàgbà tó WAEC, ẹ̀yin náà ni ẹ óò máa wá mírákù sẹ́ńtà kiri.

Tí ẹ bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ẹ jókòó ti ọmọ, ṣùgbọ́n kí bírò wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹ bi í pé "báwo lo ṣe ṣe é?", kí ẹ bi í nígbà tí ó bá gbà á pẹ̀lú, nítorí tí ó bá jẹ́ ìgbà tí ó ṣì í nìkan ni ẹ ń béèrè, kò ní pẹ́ mọ̀ pé ìbéèrè yín ni àmì pé kí òun pa á rẹ́. Ẹ má ṣe kó ìdáhùn láti orí WhatsApp àwọn òbí wá fún un. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí kò tíì rí i ṣe, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà pé ibi báyìí ni ó dé kí ó tó dúró, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. N kò ní na ọmọ náà, n kò sì ní pè yín ní òbí tí kò bìkítà. Ibẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.