Bí Òfin WEP àti GPO Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Bí Wọ́n Ṣe Fagi Lé Wọn

WEP (Windfall Elimination Provision) àti GPO (Government Pension Offset) ni òfin méjì tó gé owó Social Security, ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fún ẹni tó ní owó ìfẹ̀yìntì mìíràn láti iṣẹ́ tí kò san owó sí ètò náà. Nígbà tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin Social Security ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, kò kan òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ilé ẹjọ́ lè sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò láṣẹ láti gba owó orí lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ọdún 1950 ni wọ́n fàyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láti wọlé. Ọ̀pọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ní California, Texas, Ohio, Illinois àti Massachusetts dúró sórí owó ìfẹ̀yìntì tiwọn.

Ìṣirò ló dá ìjà sílẹ̀. Ọdún 35 tí owó ti wọlé fúnni jù ni Social Security ń kó jọ, tó sì ń pín sí oṣooṣù. Ní 2024, wọ́n ń san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lórí dọ́là 1,174 àkọ́kọ́ nínú ìpíndọ́gba owó oṣù yẹn, ìdá 32 lórí èyí tó kù títí dé 7,078, àti ìdá 15 lórí ohun tó bá lé. Ìdá 90 yẹn, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jálẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀ ni wọ́n fi ń ràn lọ́wọ́. Olùkọ́ tó lo ọdún 25 nílé ìwé ní Texas, tó wá ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá níbòmíràn, òdo ni wọ́n kọ sí ọdún 25 náà. Ìwé wá fi í hàn bí òtòṣì. Àlàfo gidi nìyẹn.

GPO ló kọ́kọ́ dé, lọ́dún 1977. Ó ń gé owó Social Security tí ọkọ, aya tàbí opó tó ní owó ìfẹ̀yìntì ìjọba tirẹ̀ ń gbà lórí iṣẹ́ ẹnì kejì. Dọ́là kan fún dọ́là kan ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 1983 ni wọ́n sọ ọ́ di ìdá méjì nínú mẹ́ta. Opó tó ń gba dọ́là 900 lóṣù láti ìjọba ìpínlẹ̀ pàdánù 600. Bí owó opó rẹ̀ bá jẹ́ 500, kò rí nǹkan kan gbà. Ní Texas, àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń fi ọjọ́ tó kẹ́yìn ṣiṣẹ́ níbi tó ń san Social Security kí GPO má bàa kàn wọ́n, títí òfin 2004 fi sọ ọjọ́ kan yẹn di oṣù 60.

Ọdún 1983, nígbà Ronald Reagan, ni WEP dé. Ìdá 90 di 40 fún ẹni tó ní owó ìfẹ̀yìntì láti iṣẹ́ tí kò san Social Security. Ẹni tó ti fi ọdún 30 san Social Security lórí owó tó jọjú kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gígé kò gbọdọ̀ ju ìdajì owó ìfẹ̀yìntì kejì lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 40? Àfojúdá ni. Kò sí àkọsílẹ̀ tó péye nípa owó oṣù tí kò bọ́ sábẹ́ Social Security ṣáájú 1978, nítorí náà òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọn gbogbo ènìyàn. Bí ìpíndọ́gba ẹnì kan bá jẹ́ dọ́là 1,000 lóṣù, dọ́là 900 rẹ̀ di 400. Ẹni tó ní 3,000 bọ́ láti nǹkan bí 1,641 sí 1,054. Ẹni tó kéré jù ló pàdánù ju ìdajì lọ! Ìwà àìtọ́ ni, a kò sì lè pè é ní nǹkan mìíràn.

Ó kan àwọn ará wa pẹ̀lú. Owó ìfẹ̀yìntì láti òkèèrè wọ inú WEP, títí kan ti òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà tó wá ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà. Òfin ìdajì ló gbà wọ́n: bí owó Nàìjíríà náà bá jẹ́ dọ́là 60, gígé kò lè ju 30 lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2025, Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin tó fagi lé méjèèjì, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní 2024. A yọ̀ fún àwọn opó. Síbẹ̀ ohun tó yẹ ni kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ tó ti wà láti 1978 ṣírò fún olúkúlùkù bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pín. Àlàfo àtijọ́ ti ṣí padà, nǹkan bí bílíọ̀nù 196 dọ́là ni wọ́n sì fojú bù pé yóò ná wọn ní ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti tún tirẹ̀ ṣe fúnra wọn ní 2025. Ẹni tí kò béèrè rí nítorí pé GPO yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìbéèrè, torí kò sí ẹni tí yóò wá a kàn.