Igun férémù tó lanu: bí wọ́n ṣe ń gé máítà kó bára mu

Férémù dígí tí wọ́n kàn ní Kàbà nínú oṣù kẹjọ, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padé débi pé èékánná ò ráyè wọ̀ ọ́, lè ti lanu kí ọyẹ́ oṣù kìíní tó parí. Ẹni tó rà á á ní káfíńtà ò mọ ayùn fà. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ayùn kọ́ ló jẹ̀bi, ibi tí igun náà sì ti là ló máa tú àṣírí.

Máítà kò ju pé kí wọ́n gé orí pákó méjì ní ìdagẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dígírì 45, kí wọ́n wá fi ojú kan ojú kó di 90. Orí pákó tí wọ́n gé kì í hàn síta mọ́, ọnà ara igi á sì yí igun ká. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ju mẹ́rin lọ, iye ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi pín 180: ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́fà gba 30, ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́jọ gba 22.5.

Férémù kan ní igun mẹ́rin, ìyẹn ojú gígé mẹ́jọ. Bí ayùn bá fi ìdajì dígírì péré yà, ojú lásán ò ní rí i. Lórí pákó oníbùú 5 cm, gígé méjì tó ṣì báyìí á fi àlàfo bíi 1.2 mm sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi agbára pa igun mẹ́ta àkọ́kọ́ dé, àṣìṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á kó jọ sórí ìkẹrin: dígírì 4, àlàfo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 mm. Abájọ tí igun ìkẹyìn fi máa ń dà bíi pé ọmọ iṣẹ́ ló gé e.

Nítorí náà, irinṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Súkúwà, irinṣẹ́ onígun 90 tí wọ́n fi ń yẹ igun wò, tó bá ti já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì rí, kò yẹ ká gbà á gbọ́. Wọ́n á gbé e ti etí pákó tó gún régé, wọ́n á fa ìlà, wọ́n á yí i sí òdìkejì, wọ́n á sì fa òmíràn láti ojú kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá yà síra, súkúwà náà ti bàjẹ́, ìdajì ìyàtọ̀ yẹn sì ni àṣìṣe rẹ̀.

Ọ̀bẹ mímú dára ju pẹ́ńsùlù lọ fún sísàmì, torí ìlà pẹ́ńsùlù náà ní ìbú tirẹ̀. Wọ́n á gé pákó náà díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlà, níbi tí wọ́n máa gé dànù, ìfági á sì parí ìyókù. Àpótí máítà, ìyẹn pákó mẹ́ta tí wọ́n kàn bí ọpọ́n tí wọ́n sì la ojú ọ̀nà ayùn sí, wúlò, àmọ́ ojú ọ̀nà yẹn máa ń fẹ̀ sí i bí ayùn ṣe ń gbà á kọjá. Èyí tó sàn jù ni pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kan igi dígírì 45 mọ́: ìfági á fẹ̀gbẹ́ sùn lórí rẹ̀, á máa bó orí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò bèèrè iná ìjọba, kò bèèrè jẹnẹrétọ̀.

Gígùn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Bí gbogbo gígé bá tiẹ̀ jẹ́ 45 gẹ́lẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ òkè sì fi 2 mm gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ, igun kan á lanu dandan. Téèpù kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi dán an wò. Kí wọ́n fẹ̀yìn àwọn méjèèjì tira, kí wọ́n fìka tọ́ orí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọn férémù láti igun dé igun: oní 60 cm sí 80 cm gbọ́dọ̀ fún wọn ní 100 cm ní ọ̀nà méjèèjì.

Ti ọyẹ́ wá ńkọ́? Bí igi bá ń gbẹ, ìbú rẹ̀ ló ń súnkì, gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìyẹn nìkan ti tó láti sọ 45 di nǹkan mìíràn. Pákó oníbùú 10 cm tó bá súnkì ní 3 mm á bọ́ sí nǹkan bíi dígírì 44, igun férémù á sì là ní inú pẹ̀lú àlàfo bíi 4 mm. Bí igi gbígbẹ bá wú nígbà òjò, ìta ni yóò ti là. Bí iwájú bá là tí ẹ̀yìn sì padé, ayùn ló fẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá jẹ́ igun kan péré ló là, ẹ wo gígùn, tàbí àṣìṣe gígé tó kó jọ síbẹ̀.

Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé, ìbáà jẹ́ ìrókò, kò tíì ṣeé gé ní máítà. Wọ́n á tò ó sábẹ́ òrùlé, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á. Bí wọ́n bá ń gbé ègé kan sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́ ló tó gé. Bí pákó sì ṣe fẹ̀ tó ni àlàfo rẹ̀ á ṣe tóbi tó; fún ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó fẹ̀ gan-an, kí wọ́n kàn án ní tààrà láìsí máítà ló bọ́gbọ́n mu.

Orí pákó máa ń mu gọ́ọ̀mù bí iyanrìn ṣe ń mu omi. Wọ́n á kọ́kọ́ pa á lórí fẹ́lẹ́, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún un pa, kí wọ́n tó fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ dì í yí ká. Bó bá gbẹ tán, wọ́n lè fi ayùn la igun náà, kí wọ́n ki igi pẹlẹbẹ tín-ín-rín bọ̀ ọ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù.

Àwọn kan ń fi lẹ́búlẹ́bú pákó po gọ́ọ̀mù dí àlàfo inú nígbà ọyẹ́. Yàtọ̀ sí pé kì í gba fánísì bí igi ṣe ń gbà á, bí òjò bá dé tí igi wú, ohun tí wọ́n dí síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí inú padé mọ́. Á máa ti igun náà, ìta á sì là.