Àmójútó ojú ìjó nígbà tí a bá ń fi lésà jó ike mọ́ ike

Àmójútó ojú ìjó, ìyẹn ibi tí ike méjì ti jó mọ́ra, ni oríṣiríṣi ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ ń gbà mọ̀, bí lésà (ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ alágbára tó ń lọ sójú kan) ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bóyá ike méjì ti wọ ara wọn dáadáa. Àárín ike méjèèjì ni ojú ìjó wà, ó sì ṣòro láti yẹ inú rẹ̀ wò láìfọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ẹni tó ń fi irin gbígbóná dí kẹ́ẹ̀gì tó ń jò ní Òṣogbo kò nílò ẹ̀rọ fún èyí. Ó ń wo ike bó ṣe ń dán tó sì ń rọ̀. Bí èéfín bá ti yọ, tàbí tí òórùn rẹ̀ bá yí padà, á gbé irin kúrò. Tó bá tutù tán, á bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì, á gbé e sókè, á máa wo ìdí rẹ̀. Ti lésà kò rí bẹ́ẹ̀, abẹ́ ike ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Nínú ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù, ìtànṣán lésà máa ń la ike òkè kọjá, ike ìsàlẹ̀ á sì gbà á mú, nítorí lúlúbú kábọ̀nù dúdú tí wọ́n pò mọ́ ọn. Gígùn ìgbì ìtànṣán náà sábà máa ń wà láàárín 800 sí 1,100 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà), ojú kò rí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀. Ike ìsàlẹ̀ á yọ́, ooru rẹ̀ á ran tòkè, wọ́n á sì dì mọ́ra bí ẹ̀rọ ṣe tẹ̀ wọ́n pọ̀. Kò pọn dandan kí ike òkè mọ́ gaara bíi dígí o: ike dúdú kirikiri kan wà tí lésà ń là kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣọ́ ni ooru. Pairómítà ló ń wọ̀n ọ́n láìfara kàn án, lẹ́ńsì tí lésà ń gbà jáde lòun náà sì sábà máa ń gbà wòran. Bí àlàfo bá wà láàárín ike méjèèjì, ooru kò ní rí ọ̀nà bọ́ sókè, ike ìsàlẹ̀ á gbóná kọjá ààlà, nọ́ńbà pairómítà á sì fò sókè lójijì. Eruku tàbí ọ̀rá ìka tó wà lórí ike òkè náà lè jóná, kó sì hàn. Àmọ́ ike òkè ń dí díẹ̀ lára ìtànṣán ooru lọ́nà, nítorí náà nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ooru gan-an. Ohun tí wọ́n fi ń wé iṣẹ́ tó dára ni.

Ìkejì ni bí ike ṣe ń rì. Níbi tí dígí ìwojú kékeré ti ń darí lésà yípo ojú ìjó léraléra pẹ̀lú eré, gbogbo ìlà náà á yọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ike òkè á sì wọlẹ̀ ní ìdá díẹ̀ nínú mìlímítà kan. Sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n ọ́n. Tó bá ti tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ẹ̀rọ á pa lésà. Ọ̀nà yìí ṣeé gbára lé, ṣùgbọ́n àròpọ̀ nìkan ló ń sọ, kì í tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lésà gba ojú ìjó kọjá, ike kò ní rì, pairómítà ni wọ́n á fọkàn tán.

Àwọn kan ń lo kámẹ́rà ooru. Àwọn mìíràn ń wọn bí ìtànṣán ṣe ń la ike òkè kọjá tó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n pò okùn dígí mọ́, torí ó ń fọ́n ìtànṣán káàkiri, kì í sì í rí bákan náà níbi gbogbo.

Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń fi lésà jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Bí ọ̀kan bá fọ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ojú ìjó rẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò. Èyí tí kò jó dáadáa á ṣí lójú ìlà, ibẹ̀ á sì máa dán yọ̀rọ̀. Èyí tó jó dáadáa, ike fúnra rẹ̀ ló máa ya.