Àpò irinṣẹ́ inú ọkọ̀ onínjìnnì: ohun tí Odò Ọya ń béèrè

Ọ̀kún o. Mọ́tò tó bá kú lójú ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà yóò dúró síbi tó kú sí títí mẹ́káníìkì yóò fi dé. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú nísàlẹ̀ ibi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé kì í dúró. Omi á máa gbé e lọ síbi àpáta, síbi òpó afárá, tàbí sójú ọ̀nà ọkọ̀ mìíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ìdákọ̀ró ni kó kọ́kọ́ sọ sómi. Kí okùn rẹ̀ gùn tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi, ó kéré tán, torí bí okùn bá kúrú, ṣe ni ìdákọ̀ró á máa wọ́ lórí yanrìn láì rì wọlé. Àjẹ̀ méjì àti ọ̀pá gígùn kan kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Kí èrò jókòó, kí ẹ̀wù ìléfòó wà lára oníkálukú. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń sọ̀rọ̀ sípánà.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ lórí irinṣẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ onígbòkun lójú òkun ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n á ní kí ẹ gbé ayùn ńlá tó ń gé okùn irin, nítorí bí òpó ìgbòkun bá wó, okùn irin tó so ó mọ́ ọkọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé kíákíá kí òpó náà má baà máa lu ọkọ̀ nínú ìgbì títí tó fi máa lù ú jálẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ ra abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ ìgbòkun. Ọkọ̀ tiwa ò ní òpó. Abẹ́rẹ́ ńlá kan ṣì wúlò fún tapólì tó ya, àmọ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn olókun. Àwọn tó ń yọ wá lẹ́nu ní odò tiwa yìí ni yanrìn, àwọ̀n àti koríko tó ń wé mọ́ pòrópẹ́là (abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ lọ), àti omi tó ń wọ inú epo. Àwọn mẹ́ta yìí ló yẹ kó pinnu ohun tí ẹ máa rà.

Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ̀ ọ́n nìyí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà lórí ilẹ̀, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú àpò yín síwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n tú gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kí ẹ ní láti tú lójú omi: plọ́ọ̀gì, ìdérí okùn tí a fi ń fa ẹ́ńjìnnì, asẹ́ epo, nọ́ọ̀tì pòrópẹ́là, síkúrù ọ́ìlì jíà, orí bátìrì. Ibi tí ẹ bá ti há, ohun tí ẹ kò tíì ní nìyẹn. Irinṣẹ́ tí kò rí nǹkan kan tú, ẹ gbé e sílé. Ẹni tó ń polówó àpótí onígba irinṣẹ́ kò ní bá yín wọ ọkọ̀.

Lára ẹ́ńjìnnì Jàpáànù, irú àwọn Yamaha tó pọ̀ lórí odò wa, sípánà 8, 10, 12, 14 àti 17 ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹ fi 13 kún un. Bóòtù tó bá ẹ́ńjìnnì wá láti ilé iṣẹ́ lè gba 12, àmọ́ bí ó bá ti sọnù tí ẹnì kan sì ra òmíràn lọ́jà láti fi dí i, orí tuntun náà sábà máa ń gba 13, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì ò sanra jura wọn lọ. Ẹ yan sípánà tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ òrùka tí èkejì sì ṣí sílẹ̀. Òrùka ló ń di orí bóòtù mú yíká. Ẹnu tó ṣí sílẹ̀, igun méjì ló ń dì mú, bí bóòtù bá sì ti dógùn-ún díẹ̀, ó ti bó o lórí nìyẹn. Ẹ wo ara irin náà: kí wọ́n tẹ Chrome Vanadium tàbí CR-V, orúkọ irú irin líle kan, sí i. Irin tí kò ní orúkọ kankan máa ń fẹ ẹnu ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi agbára sí i. Ẹ fi pláyà kan tí ẹnu rẹ̀ gùn kún un, fáìsì gírípù kan, síkúrù-dírafà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ àti ti ẹlẹ́nu àgbélébùú, ọ̀bẹ tó mú, òòlù kékeré, fáìlì kan, àti ayùn irin pẹ̀lú abẹ méjì.

Plọ́ọ̀gì ni ohun tí ẹ máa tú jù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 21 tó ní rọ́bà nínú ló ń bá ọ̀pọ̀ plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tó ń fi ọ́ìlì pò mọ́ epo mu, àmọ́ ẹ fi tiyín dán an wò kí ẹ tó sanwó. Iye ihò ẹ́ńjìnnì, ìyẹn sílíńdà, ni kí ẹ fi mọ iye plọ́ọ̀gì tí ẹ máa gbé: oníhò méjì, plọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin. Nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ ni kí ẹ mú lọ sọ́jà, ẹ má gba èyí tó "jọ ọ́". Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ lè kan orí písítọ̀nù, ọjọ́ náà sì ni ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́. Tí ẹ bá ń dé e, ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i títí yóò fi jókòó, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdajì yíyí péré ló kù fún plọ́ọ̀gì tuntun. Ẹni tó bá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ ní wíwọ́, kó sì jẹ ojú ihò tí kì í ṣe irin líle. Bí plọ́ọ̀gì bá jáde tó tutù fún epo, epo ló pọ̀ jù: ẹ yọ àwọn méjèèjì, ẹ nu wọ́n gbẹ, ẹ ti ọ̀nà epo pa, ẹ fa okùn lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí mẹ́fà kí epo inú ihò lè jáde, kí ẹ tó dá wọn padà. Ẹni tó ń fà á kó yẹra fún ihò náà, kí iná kankan má sì sí nítòsí.

Pòrópẹ́là gba àlàyé tó gùn. Àwọ̀n tó bá wé mọ́ ọn, ẹ má fi agbára ẹ́ńjìnnì tú u. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kílíìpù pupa tí atukọ̀ máa ń so mọ́ ọwọ́, ẹ fi jíà sí àárín, kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ rẹ̀. Ọ̀bẹ la fi ń gé àwọ̀n, ní títò ọ́ lọ láti etí. Bí ẹ bá ní láti yọ pòrópẹ́là, ẹ há igi kan sáàárín abẹ àti pẹpẹ irin tó wà lókè rẹ̀ kí ó má baà yí. Ẹ fi pláyà na pínnì tó la nọ́ọ̀tì kọjá, ẹ fà á yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ sì tò gbogbo wọ́ṣà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde. Wọ́ṣà tí ẹ bá tò ní ìdàkejì lè jẹ́ kí pòrópẹ́là máa ha ẹ̀yìn jíà. Pínnì náà, ẹ má tún lò ó. Ẹ kó mẹ́ta tuntun sínú àpò. Owó kékeré ni. Ìṣó tí àwọn kan máa ń fi dípò rẹ̀ á dógùn-ún, á sì já, nọ́ọ̀tì á tú fúnra rẹ̀, pòrópẹ́là á sì rì sínú Ọya pẹ̀lú owó yín.

Nǹkan kan tún wà tó ń jọ pé ẹ́ńjìnnì ló ní àìsàn, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnnì ń ké tagbára tagbára, ọkọ̀ sì rọra ń wọ́. Nínú pòrópẹ́là ńlá, rọ́bà kan wà láàárín irin àti ọ̀pá. Bí abẹ bá gbá àpáta tàbí igi, rọ́bà yẹn á yọ̀. Kò sí bí a ṣe ń tún un ṣe lójú omi. Ẹ dín epo kù, ẹ rọra wa ọkọ̀ lọ sétí odò. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé pòrópẹ́là kejì, kódà bí ó bá jẹ́ àlòkù. Lára ẹ́ńjìnnì kékeré, pínnì irin kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe kó máa já. Ẹ gbé márùn-ún, kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́, nítorí pínnì tó le jù ò ní já, jíà ló máa já dípò rẹ̀.

Ẹ máa wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tọ̀. Omi tó ń ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń fi hàn pé ó ń fa omi odò wọlé láti fi tu ara rẹ̀ lára. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ ni ẹ máa fi tú ihò náà, torí yanrìn ló sábà máa ń dí i. Bí omi ò bá tún jáde, ẹ wo ẹnu ihò abẹ́ omi bóyá ọ̀rá bò ó. Kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, rọ́bà pọ́ǹpù ni, ìyẹn ìmpélà. Yanrìn Ọya máa ń jẹ etí rẹ̀, pàápàá ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí omi bá fà tí ọkọ̀ sì ń fara kan yanrìn. Ẹ gbé ọ̀kan pamọ́, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀: gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló máa ń tú, kò sì bójú mu lójú omi.

Nípa epo, ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ sábà máa ń gba 50 sí 1: kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25, ìdajì lítà ọ́ìlì. Tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máa ń gba ìlọ́po méjì ọ́ìlì. Ẹ gbé ìgò kékeré tí wọ́n ti fi ìlà sí. Ẹ gbé asẹ́ epo kan, kílíìpù rọ́bà mẹ́rin, àti rọ́bà epo gígùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Rọ́bà tíúùbù tí ẹ gé wẹ́wẹ́ wúlò gan-an láti fi di ẹsẹ̀ àjẹ̀ tó là àti rọ́bà omi tó ń jò, àmọ́ ẹ má fi di rọ́bà epo, pẹtiróòlù á mú un rọ̀, á sì jẹ́ kó wú. Kí ẹ tó tú nǹkan kan nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wo síkúrù afẹ́fẹ́ tó wà lórí táńkì. Bí ó bá wà ní dídé, epo ò lè jáde, ẹ ó sì ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì lásán.

Okùn tí a fi ń fa ẹ́ńjìnnì máa ń já. Mítà kan ààbọ̀ okùn tó le, tí a ta kókó sí orí kan, tí a sì so igi mọ́ èkejì, tó fún ìyẹn: ẹ tú ìdérí okùn, ẹ ki kókó sínú ihò ara fíláwíìlì, irin róbótó tó ń yí lókè ẹ́ńjìnnì, ẹ wé e lọ sọ́wọ́ ọ̀tún lójú ẹni tó ń wò láti òkè, ẹ sì fà. Kí jíà wà ní àárín, nítorí ohun tó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró láti má ṣiṣẹ́ nínú jíà ti kúrò níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fi aṣọ gbọọrọ ṣánlẹ̀ má súnmọ́ ọn.

Fún ọkọ̀ onípákó, òwú, ọ̀dà, abẹ kan tí ó kújú láti fi ki òwú sójú ìlà, páànù pélébé tó fẹ̀ 15 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ rọ́bà tíúùbù, àti ìṣó kúkúrú. Rọ́bà ló ń wà láàárín pákó àti páànù. Ìṣó kò gbọ́dọ̀ gùn ju pákó lọ. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá yọ nínú ọkọ̀, ihò mìíràn lẹ ti dá. Igbá tí a fi ń gbọ́n omi kò sí nínú àpò. Kó wà nítòsí ẹsẹ̀.

Ibi ìkó wọn sí: rọ́bà pẹ́ńtì oní-lítà 20 tí ìdérí rẹ̀ ní rọ́bà yíká. Kí gbogbo ẹrù inú rẹ̀ má ju kílò mẹ́sàn-án lọ. Bí ó bá jábọ́ sódò, á léfòó. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ ń wá á máa wà nísàlẹ̀. Ẹ rán aṣọ jíìnsì tó ti gbó ní àpò wẹ́wẹ́, sípánà kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀, ẹ ká a, ẹ so ó. Ọ̀wọ́ kan nìyẹn. Plọ́ọ̀gì, pínnì àti kílíìpù wọ inú ike kékeré tó mọ́lẹ̀ gaara. Ẹ kun orí irinṣẹ́ ní pupa. Tọ́ọ̀ṣì orí ló máa wà lókè pátápátá, bátìrì rẹ̀ sì wà níta rẹ̀ nínú ọ̀rá.

Odò wa kò níyọ̀, nítorí náà irin tí kì í dógùn-ún kì í ṣe dandan. Ó rọ̀ ju CR-V lọ, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ike tí a dé pa mọ́ omi sínú burú ju ike tó ṣí sílẹ̀ lọ: ìgbà tí oòrùn bá mú un gbóná, omi inú rẹ̀ á di ooru, á sì lẹ̀ mọ́ irin nígbà tó bá tutù. Ẹ nu sípánà gbẹ kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi àkísà tó ní ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Àpò kékeré oníwóro tó máa ń wà nínú páálí bàtà láti fa ọ̀rinrin, ẹ kó mẹ́ta sínú ike náà, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn lóòrèkóòrè.

Abẹ́ ìjókòó kejì láti ẹ̀yìn ni kí ike náà wà, lórí igi méjì kí omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ má baà kàn án, kí okùn so ó ní kókó tí ọwọ́ kan lè tú. Ẹ má fi síwájú, torí ẹni tó fẹ́ mú un ní láti gba àárín èrò kọjá, ìdúró ènìyàn nínú ọkọ̀ tó ń mì kò sì dára. Ẹ má fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì epo tàbí bátìrì. Sípánà tó bá bọ́ sórí bátìrì á ta iná. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí èrò má di ẹrù lé e. Lọ́dún 2012 àti 2022, nígbà tí omi gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá, ọkọ̀ ojú omi gba ẹrù àti ènìyàn tó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ máa ń wà lábẹ́ àpò gaàrí.

Nígbà tí ẹ bá ń tú nǹkan, ẹ so àwọ̀n àtijọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kó lè gbé nọ́ọ̀tì tó bá bọ́. Ẹ so òwú gígùn bí ìgbọ̀nwọ́ kan mọ́ sípánà àti ọwọ́ yín. Mágínẹ́ẹ̀tì láti inú spíkà tó ti bàjẹ́ wúlò láti kó bóòtù jọ, àmọ́ irin tí kì í dógùn-ún kì í sábà lẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì pòrópẹ́là, ọwọ́ ni kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀.

Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ tú ike náà sórí ẹní kí ẹ kà á. Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn ìdérí pẹ̀lú kálámù tí omi kì í pa ìkọ̀wé rẹ̀ rẹ́. Kí omi tó kún gan-an ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ fi abẹ ayùn tuntun àti ọ̀bẹ tuntun síbẹ̀, torí koríko àti igi tó ń bọ̀ láti òkè pọ̀ nígbà náà. Plọ́ọ̀gì tí ó ti kú, ẹ má dá a padà sínú ike "bóyá ó ṣì máa wúlò". Ẹ fi òòlù fọ́ funfun ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó máa wa ọkọ̀ lọ́la má baà fi í pààrọ̀ èyí tó dára.